“Sorry” Kò Ṣeé Kọ Níbẹ̀

Márùn-ún, mẹ́wàá, ogún, ọgbọ̀n, mẹ́rìndínlógójì, mẹ́tàlélógójì.

Bí ẹ bá lọ wo Le nozze di Figaro (Ìgbéyàwó Figaro), ọpẹ́rà Mozart, ìyẹn eré tí wọ́n ń fi orin ṣe, ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ gbọ́ lẹ́nu òṣèré nìyẹn. Kò kí èèyàn, kò sọ̀rọ̀ ìfẹ́. Figaro wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń wọn ilẹ̀ yàrá kó lè mọ̀ bóyá bẹ́ẹ̀dì ìgbéyàwó rẹ̀ máa gba ibẹ̀. Susanna, ìyàwó tó fẹ́ fẹ́, dúró síwájú dígí, ó ń wo fìlà tuntun tó fúnra rẹ̀ ṣe. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi jókòó ti “márùn-ún” yẹn, nítorí èmi ni mo ń yí ọ̀rọ̀ eré náà láti èdè Ítálì sí Gẹ̀ẹ́sì fún ẹgbẹ́ olórin wa.

Iṣẹ́ ògbufọ̀ ni mo fi ń jẹun: ìwé àdéhùn, ìwé-ẹ̀rí ọjọ́ ìbí, lẹ́tà tí àwọn agbẹjọ́rò fi ń halẹ̀ mọ́ ara wọn. Nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀, “cinque” ni “five”, ó tán, ẹ fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n Mozart ti fún “cinque” ní nóòtì méjì, nítorí sílébù méjì ló ní. “Dieci” náà, méjì. Gẹ̀ẹ́sì wá gbé “five” àti “ten” wá, ẹyọ kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó wọ bàtà ẹsẹ̀ kan jáde. Mo kọ́kọ́ kọ “five feet, ten feet”. Nóòtì pé, inú mi dùn. Àgbà ọkùnrin tó ń tẹ dùùrù fún wa, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá, tẹ̀ ẹ́ dé “forty-three”, ó gbọ́wọ́ kúrò, ó yíjú sí mi.

“Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́tàlélógójì. Ta ni wọ́n fẹ́ tẹ́ sórí bẹ́ẹ̀dì ọ̀hún, àjànàkú?”

Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ṣe Figaro ló tú kókó náà. Bó ṣe ń wọn ilẹ̀, ó ń fi ìka tọ́ka síbi tó dé, ó sì ń sọ “here, here” lábẹ́ ètè láìmọ̀. “Five here, ten here, twenty, thirty.” Ó bọ́ sí i gẹ́lẹ́. “Thirty-six” ní mẹ́ta bíi “trentasei”. “Quarantatre” ní mẹ́rin, mo fi “and” ṣáájú “forty-three”. Mo ní kí n kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ètò gẹ́gẹ́ bí igbákejì ògbufọ̀. Ó ní kí n má dán an wò, pé bí kò bá dùn, òun ni wọ́n á mú.

Báwo ni mo tiẹ̀ ṣe débẹ̀? Ẹgbẹ́ olórin wa kò ju èèyàn mẹ́rìndínlógún lọ, ká ka ẹni tó ń tan iná mọ́ ọn, kò sì sẹ́ni tí wọ́n ń sanwó fún. Mozart kú ní 1791. Lorenzo Da Ponte, tó kọ ọ̀rọ̀ ọpẹ́rà náà, kú ní 1838. Kò sẹ́ni tó lè bi wá ní nǹkan kan lórí tiwọn. Ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ní olóhun. Èyí tí Edward Dent ṣe, tí wọ́n kọ ní ilé eré Old Vic ní London ní 1920, dà bí ohun àtijọ́ lójú èèyàn, àmọ́ 1957 ni Dent kú, níbi tí òfin bá sì ti ń dáàbò bo iṣẹ́ òǹkọ̀wé fún 70 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀, ó di ìgbà tí 2027 bá parí kó tó di ti gbogbo ayé. Àwọn tó ṣe tiwọn lẹ́yìn rẹ̀ ńkọ́? Ẹ ò ní fọwọ́ kan án láìtọrọ àṣẹ, láìsanwó. Owó tó wà lọ́wọ́ wa, ti gbọ̀ngàn ni. Àǹtí tó ń darí eré wa wò mí títí.

“Ṣebí iṣẹ́ ògbufọ̀ lo ń ṣe?”

“Ìwé àdéhùn ni mo ń túmọ̀ o, Àǹtí.”

“Figaro náà tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn. Ìwé yẹn ló sì kó o sí wàhálà. Lọ bẹ̀rẹ̀.”

Ẹni tó ń ṣe Don Basilio, olùkọ́ orin inú eré náà, ta kò wá láti ọjọ́ kìn-ín-ní. Ó ti mọ ipa náà lórí ní èdè Ítálì, ó sì gbà pé ẹni tó bá yí i padà ń ba iṣẹ́ Mozart jẹ́. Mo gbọ́ ohun tó ń wí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká padà sí 1 May 1786, ní Burgtheater ní Vienna, alẹ́ tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe é. Èdè Jámánì ni ìlú ń sọ, èdè Ítálì ni wọ́n fi kọrin. Ọmọ Faransé kan, Beaumarchais, ló ni ìtàn, ó sì ní ẹ̀bá Seville ní ilẹ̀ Spain ló ti ṣẹlẹ̀. Susanna àkọ́kọ́, Nancy Storace, ọmọ London ni. Michael Kelly tó ṣe Basilio àti Don Curzio pa pọ̀, ọmọ Dublin ni. Gẹ̀ẹ́sì ti wà lẹ́yìn ìtàgé láti alẹ́ ọjọ́ kìn-ín-ní, iwájú ni kò tíì dé. Joseph Kejì, ọba ìlú náà, kò sì gbà kí wọ́n ṣe eré Beaumarchais lórí ìtàgé ní èdè Jámánì. Nígbà tó di ti Ítálì, tí orin ti wọ̀ ọ́, tí Da Ponte sì ti yọ èyí tó ta jù kúrò nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, ó fọwọ́ sí i. Lójú tèmi, ọba yẹn mọ èdè wo ló ń dé etí àwọn ará ìlú.

Mo ro gbogbo èyí fún Basilio. Ó fetí sí i dópin. “Ọba kọ́ ló máa kọ ọ́,” ló dá mi lóhùn, ó sì gba tiẹ̀ nínú ìwé lọ.

Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ rọrùn. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wúwo ló ń pa ògbufọ̀ orin. Àwa tí a ń sọ Yorùbá kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí èyí: bí orin bá gun òkè níbi tí ohùn ti yẹ kó dúró, ọkọ ìyàwó á di ọkọ́, wọ́n á sì máa jó yí i ká. Gẹ̀ẹ́sì kì í fi ohùn pààlà bíi tiwa, agbára ló ń fi sórí sílébù kan ju òmíràn lọ. Bí ẹ bá fi agbára náà síbi tí kì í ṣe tirẹ̀, ọ̀rọ̀ á ṣì yé èèyàn, ṣùgbọ́n á dà bí ẹni tó kọ́ èdè náà lánàá. Àwọn tó sì ń tan èèyàn jù ni àwọn ọ̀rọ̀ tó jọra. “Perdono” àti “pardon”: ìbátan wo ló tún sún mọ́ra jù bẹ́ẹ̀? Àmọ́ àárín ni “perdono” ti wúwo, iwájú ni “pardon” ti wúwo. Fi í síbẹ̀, Count, ọ̀gá Figaro, á máa kọ “par-DON”, bí ẹni tó ń pe orúkọ ìlú kan tí kò dé rí. “Momenti” àti “moments”, àìsàn kan náà, nínú orin tí Countess, ìyàwó Count, fi ń ṣọ̀fọ̀ ọjọ́ dídùn tó ti kọjá. Lóru ọjọ́ kan mo fi “moments” síbẹ̀, mo sì sùn bí ọba. Nígbà tí mo jí, mo kọ ọ́ sókè nínú yàrá, mo pa á rẹ́.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ ìparí ìlà. Ọ̀rọ̀ Ítálì máa ń wúwo ní ìṣáájú-ìparí, á wá sọ̀kalẹ̀ wẹ́rẹ́: amore, core, momento. Orin náà ń sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ràn kó kan ògiri: love, heart, night. Ohun tó kù fún ògbufọ̀ aláìní ni “-ing”. Sighing, dying, crying, lying. Mo bá ara mi ṣàdéhùn pé n ò ní lò ju mẹ́wàá lọ nínú ọpẹ́rà tó ń gba bíi wákàtí mẹ́ta. Nígbà tí mo parí, mo kà wọ́n. Mọ́kànlélógójì. Mo pa ìwé náà dé.

Ibi tí mo ti gbádùn iṣẹ́ ni recitative, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń fi orin sọ̀rọ̀ geere, tí dùùrù kàn ń fi kọ́ọ̀dù kan kan gbè wọ́n lẹ́sẹ̀. Níbẹ̀, ẹ lè fi nóòtì kan kún un, ẹ lè yọ méjì, Mozart ò ní dìde nínú sàréè, nítorí bí èèyàn ṣe ń sọ̀rọ̀ ni wọ́n fi ń wọn ìlù ibẹ̀. Ibẹ̀ sì ni ìtàn wà. Ẹni tí recitative kò bá yé, á rí àwọn èèyàn arẹwà tí ń wọ yàrá tí ń jáde, kò ní mọ ìdí tí wọ́n fi ń sá. Níbẹ̀ ni Don Curzio, adájọ́ akólòlò, ti dájọ́ ìwé àdéhùn Figaro: Figaro yá owó lọ́wọ́ Marcellina, ó sì ṣèlérí pé bí òun kò bá san án, òun á fẹ́ ẹ. “O pagarla, o sposarla.” Mo kọ ọ́ ní “pay her or marry her” láàárín ìṣẹ́jú kan, nítorí gbogbo ọdún tí mo ti fi ń ṣiṣẹ́ ni mo ti ń túmọ̀ irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀. Nínú eré Beaumarchais, wọ́n tiẹ̀ jà lórí ọ̀rọ̀ kékeré kan nínú ìwé náà, bóyá “àti” ni àbí “tàbí”. Mo ti rí agbẹjọ́rò tó fi ọ̀sẹ̀ méjì ja irú ìjà yẹn. Kò sẹ́ni tó kọrin sí i.

Lẹ́yìn ìdájọ́ yẹn ni orin ẹlẹ́ni mẹ́fà máa ń wọlé. Ó hàn gbangba pé Marcellina tó fẹ́ fi tipá fẹ́ Figaro ni ìyá tó bí i lọ́mọ, Don Bartolo sì ni bàbá rẹ̀. Susanna gbé owó dé láti gba ọkọ rẹ̀ sílẹ̀, ó bá a níbi tó ti dì mọ́ Marcellina, ó gbá a létí. Wọ́n ṣàlàyé fún un. “Sua madre?” ló ń bi wọ́n, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì ń dá a lóhùn, “Sua madre!” Sílébù mẹ́ta. “His mother?” “His mother!” Sílébù mẹ́ta, ìwúwo sì wà ní àárín bíi ti tàkọ́kọ́. N ò ṣe nǹkan kan. Gbogbo òru tí mo fi wá ọ̀rọ̀ kiri, ẹ̀bùn tí wọ́n fún mi nìyẹn.

Nínú ìwé ìrántí rẹ̀ tó jáde ní 1826, Kelly sọ pé Mozart bẹ òun pé kí òun má kólòlò nínú orin ẹlẹ́ni mẹ́fà yìí, pé á ba orin jẹ́. Kelly ní kò yẹ kí ẹni tó ti ń kólòlò bọ̀ látòkè wá dákẹ́ rẹ̀ lójijì, ó sì ṣe é bó ṣe fẹ́. Ó ní lẹ́yìn eré Mozart wá bá òun, ó gbà pé òun náà ló jàre. Kelly nìkan ló ròyìn rẹ̀ fún wa, ẹ má gbà á gbọ́ tán. Curzio tiwa gbọ́ ìtàn yìí, ó sì pinnu pé òun náà á jàre. Kólòlò rẹ̀ pọ̀ débi pé lọ́jọ́ kan Bàbá dé òpin orin kó tó dé òpin “m-m-mother”.

N ò fẹ́ kí ẹ rò pé ọ̀rọ̀ nìkan ló ṣòro. Àga kan wà nínú apá kìn-ín-ní tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tú ẹgbẹ́ wa ká. Cherubino, ọmọkùnrin tí obìnrin ń ṣe, wà nínú yàrá Susanna, ó gbọ́ pé Count ń bọ̀, ó sá sẹ́yìn àga. Count wọlé, ó ń bẹ Susanna lọ́nà tí kò yẹ kí ọ̀gá fi bẹ ìránṣẹ́, ó gbọ́ ohùn Basilio, òun náà sá sẹ́yìn àga kan náà. Lákòókò yẹn Cherubino gbọ́dọ̀ yí síwájú, kó jókòó lórí rẹ̀, kí Susanna da aṣọ bò ó. Gbogbo rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, kí Count má rí i, kí àwọn òǹwòran sì rí i kedere. Àga tí a ní, orí ọmọ ọdún mẹ́wàá kò lè sá pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀. Count tiwa sì ga bí òpó iná. Ọ̀sẹ̀ kan la fi ń wá àga, a tún fi ọ̀sẹ̀ kan kọ́ bí wọ́n ṣe máa yí i ká láìtẹ aṣọ ara wọn mọ́lẹ̀. Ohun tó dára níbẹ̀ ni pé kò sí ìtumọ̀ tó nílò. Nígbà tí Count ń ṣàpèjúwe bó ṣe ká aṣọ tábìlì sókè nílé ẹlòmíràn tó sì bá Cherubino lábẹ́ rẹ̀, tó wá ká aṣọ orí àga sókè bákan náà láti fi hàn wọ́n, tó sì tún bá a, ẹ lè kọ ọ́ ní èdè ẹja.

Ìkòkò òdòdó náà tún ńkọ́? Ní apá kejì, Cherubino fò gba ojú fèrèsé jáde sínú ọgbà. Antonio olùtọ́jú ọgbà wá fi ìbínú wọlé pẹ̀lú ìkòkò òdòdó rẹ̀ tó ti fọ́, pé ẹnì kan já lé e lórí. Figaro ní òun ni, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tiro. A fọ́ ìkòkò kan dáadáa fún alẹ́ kìn-ín-ní, ó lọ bó ṣe yẹ. Kí alẹ́ kejì tó pé, aláàánú kan nínú ẹgbẹ́ (n ò ní dárúkọ rẹ̀, ó mọ ara rẹ̀) rí ìkòkò tó fọ́ lórí tábìlì, ó kó gbogbo rẹ̀ jọ, ó fi gúlúù lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Antonio gbé e wọlé láìwò. Ó nawọ́ rẹ̀ sí Count, ó kọ “Look at this ruin” pẹ̀lú ohùn ńlá, ìkòkò sì ń dán wàyí bí èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà. Ó wò ó. Count wò ó. Antonio jọ̀wọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó fọ́ yángá, ó tún gbólóhùn náà kọ. Mi ò tíì gbọ́ ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ rí ní gbogbo ayé mi. Ó dùn mí pé kì í ṣe èmi ni mo kọ ọ́.

Ti ìwo ló gba owó lọ́wọ́ wa. Ní apá ìkẹyìn, Figaro rò pé Susanna ti da òun. Ó yíjú sí àwọn ọkùnrin inú gbọ̀ngàn, ó ní kí wọ́n la ojú wọn, kí wọ́n wo ohun tí obìnrin jẹ́, ó tò ó lẹ́sẹẹsẹ, ó wá ní ìyókù òun ò ní sọ, gbogbo èèyàn ti mọ̀ ọ́n. Àwọn ìwo inú ẹgbẹ́ olórin wá dáhùn fún un. Lọ́dọ̀ àwọn ará Yúróòpù, ọkọ tí ìyàwó rẹ̀ ń yan àlè ni wọ́n ń sọ pé ó hùwo lórí. Àwàdà náà kò sí lẹ́nu òṣèré rárá, inú ohun èlò ló wà. Nínú Yorùbá ìwo ẹranko àti ìwo tí wọ́n ń fun ń jẹ́ orúkọ kan náà, Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú, ó kù díẹ̀ kí n máa dúpẹ́. Ṣùgbọ́n dùùrù nìkan la ní. Bàbá tẹ ibẹ̀ bó ṣe lè tẹ̀ ẹ́, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Mo gbìyànjú láti kọ “horns” sínú ọ̀rọ̀ Figaro ní tààràtà. Àǹtí ní kí n pa á rẹ́. “Ó ní òun ò ní sọ, ìwọ wá ń bá a sọ.” Òótọ́ ni.

A wá afunwo kan. Ó wá lálẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá fún bíi wákàtí mẹ́ta, ó ka ìwé tirẹ̀ láti apá kìn-ín-ní títí dé apá kẹrin. Nígbà tó kan an, ó gbé ìwo sókè, ó fun ún bó ṣe wà, ó padà sínú ìwé. Lálẹ́ ọjọ́ kejì àwọn kan ti ń pàtẹ́wọ́ fún un kó tó gbé ìwo sókè.

Kí ẹ má gbàgbé Basilio. A yọ orin àdákọ rẹ̀ ní apá kẹrin, bí ọ̀pọ̀ ilé eré ṣe máa ń yọ òun àti ti Marcellina nítorí àkókò, ìyẹn sì tún bí i nínú. Ní apá kìn-ín-ní, nígbà tí wọ́n rí Cherubino lórí àga, ó ní gbólóhùn kan tó kọ pẹ̀lú ẹ̀rín àrékérekè: “Così fan tutte le belle”, báyìí ni gbogbo obìnrin arẹwà ń ṣe. Mozart àti Da Ponte fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yẹn débi pé ní 1790 wọ́n fi apá kan rẹ̀ sọ ọpẹ́rà mìíràn lórúkọ. Lálẹ́ ìkẹyìn, Basilio dé ibẹ̀, ó yíjú síbi tí mo jókòó sí, ó kọ ọ́ ní èdè Ítálì. Gbólóhùn kan péré. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín síbẹ̀ ju bí wọ́n ṣe rẹ́rìn-ín sí ìtumọ̀ mi ní alẹ́ méjì àkọ́kọ́. Ojú tó ṣe ni. Mo ṣì ń sọ fún ara mi pé ojú tó ṣe ni.

Àwọn kan ti bi mí pé kí ló dé tí a ò kúkú kọ gbogbo rẹ̀ ní èdè Ítálì, kí a tan ìtumọ̀ sójú pátákó lókè ìtàgé, bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Toronto ní 1983 tó sì tàn ká ayé. Mo ti jókòó nínú irú gbọ̀ngàn bẹ́ẹ̀ nígbà púpọ̀. Ojú yára ju etí lọ. Àwọn èèyàn á ka àwàdà lókè, wọ́n á rẹ́rìn-ín, ẹni tó fẹ́ sọ ọ́ kò tíì la ẹnu. Nígbà tó bá wá sọ ọ́, gbogbo gbọ̀ngàn á dákẹ́, òṣèré á máa wò wọ́n bí ẹni tí wọ́n jí lówó. Fún ọpẹ́rà tí èèyàn ti ń kú, kò burú. Fún ti ẹ̀rín, n ò fẹ́ ẹ. Síbẹ̀ mi ò ní purọ́: English National Opera, tí èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kíkọ ní Gẹ̀ẹ́sì, bẹ̀rẹ̀ sí í tan Gẹ̀ẹ́sì sókè ìtàgé ní 2005. Bí èèyàn méje bá ń kọrin pa pọ̀, tí ọ̀rọ̀ gbogbo wọn kì í ṣe ọ̀kan náà, bíi ti ìparí apá kejì, kò sí èdè tó lè yé ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ tí mo ṣe níbẹ̀ kò tó nǹkan, ẹ má sọ fún Àǹtí. Mo fi fáwẹ̀lì tó rọrùn sí ẹnu wọn, mo jẹ́ kí Mozart máa lọ.

Ó wá ku ìparí. Susanna àti Countess ti pààrọ̀ aṣọ láti dẹ pańpẹ́ fún Count. Count ti rò pé òun ká ìyàwó òun mọ́ ọkùnrin mìíràn nínú òkùnkùn ọgbà. Gbogbo èèyàn kúnlẹ̀, wọ́n ń bẹ̀ ẹ́ pé kó dárí jì í. Ó ní “No.” Ó tún ní “No,” ó tún un sọ, ó tún un sọ. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí Da Ponte kọ sí Gẹ̀ẹ́sì fún mi. Countess gidi wá jáde níbòmíràn, pẹ̀lú aṣọ Susanna lọ́rùn, Count sì rí i pé ìyàwó òun gan-an ni òun ti ń fi ọ̀rọ̀ dídùn tàn láti ìrọ̀lẹ́, tí òun rò pé Susanna ni. Orin dúró. Ó kúnlẹ̀. “Contessa, perdono.”

Sílébù mẹ́fà. Mo kọ ọ́ ní “My Countess, forgive me.” Gbogbo ìwúwo bọ́ síbi tó yẹ, ṣùgbọ́n “give” ní fáwẹ̀lì tóóró kan tí kò ṣeé nà, orí “do” tó fẹ̀ ni Mozart sì gbé nóòtì náà lé. Ẹni tó ń ṣe Count ráhùn. Ó ní ó dà bí ẹni tó ń mí gba inú ihò kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn. Mo bá yí i sí “My Countess, I'm sorry.” “Sor” ṣí sílẹ̀ bí ilẹ̀kùn, ohùn rẹ̀ kún gbọ̀ngàn, inú gbogbo wa dùn.

Lálẹ́ tí a pe àwọn ọ̀rẹ́ wá wo ìdánrawò ìkẹyìn, bí ọgbọ̀n èèyàn, ó kúnlẹ̀, ó kọ “I'm sorry.” Wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

Mo ti lo oṣù mẹ́rin láti mú èèyàn rẹ́rìn-ín, ibẹ̀ nìkan ni mi ò fẹ́ ẹ. Àǹtí ò tiẹ̀ bínú. Ó ní, “‘Sorry’ ni mo máa ń sọ bí mo bá tẹ èèyàn lẹ́sẹ̀. Kí ni ìwọ máa ń sọ?” Mo rò ó ní Yorùbá. Ìdáhùn wà níbẹ̀ lójú ẹsẹ̀: pẹ̀lẹ́ yàtọ̀ sí forí jì mí. Mo dá “forgive me” padà. Count wò mí bí ẹni tí mo gba ẹ̀wù lọ́rùn rẹ̀.

Ohun tó ṣe sí i lálẹ́ kìn-ín-ní, òun nìkan ló mọ̀ bó ṣe rí i. Kò na fáwẹ̀lì náà mọ́. Ó jẹ́ kó tóóró, ó kọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ohùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má jáde, ọkùnrin tó ti ń pariwo láti apá kìn-ín-ní. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Countess dá a lóhùn pé “I'm kinder than you are, and so I say yes.” “Sì” tí Da Ponte fi parí ìlà náà kò ní nǹkan tó ń dí i lẹ́nu, “yes” ní “s” tó máa ń dún bí ejò, a sì ti ń jà pẹ̀lú rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ó na “ye” náà lọ, ó ń wo ọkùnrin tó kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀, ó dá “s” dúró, ó ṣì dá a dúró. Afunwo ti pa ìwé rẹ̀ dé, ó ń wò ó. Bàbá gbé ọwọ́ méjèèjì sókè lórí dùùrù, ó ń retí rẹ̀.